Ẹ Gbọ́ Tẹnu Ọmọ Kí Ẹ Tó Dájọ́

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn ará ilé wọn sọ níbi ìpàdé tí a ṣe ní Tápà

Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ fi ọjọ́ ìsinmi yín wá síbí, ẹ̀yin tí ẹ ṣe iṣẹ́ alẹ́ mọ́jú ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta tí ẹ sì tún wọ mọ́tò wá, ẹgbẹ́ mọ rírì yín. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ súnmọ́ iwájú. Ọ̀rọ̀ yín ni a fẹ́ sọ, a kò sì fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn yín.

Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni a kà, a sì fi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ lé e lẹ́yìn tí a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ yàn wá sí ni kí a máa dúró láàrin òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ wa ni a fẹ́ mú wọ inú ilé lónìí.

Bí a bá jókòó ní gáréèjì, tàbí níbi tí a ti ń jẹun ọ̀sán ní ilé-iṣẹ́, ẹjọ́ ọmọ ni a ń gbọ́ jù lọ. “Ọmọ mi ọkùnrin kò gbọ́ràn mọ́.” “Ọmọ mi obìnrin ti di alágídí.” “Fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.” “Wọn kò fẹ́ lọ sóko, wọn kò fẹ́ kàwé, owó ṣáá ni wọ́n fẹ́.” Ẹjọ́ náà pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwa aṣojú òṣìṣẹ́ máa ń ṣàkíyèsí. Olùfisùn wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, adájọ́ wà níbẹ̀, ìdájọ́ pàápàá ti jáde. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan ni kò tíì la ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó báyìí. Bí máníjà bá pe ọ̀kan nínú wa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tó ní, “A gbọ́ pé o ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, kó ẹrù rẹ, máa lọ,” kí ni ẹgbẹ́ yóò sọ? Gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n. A ó ní, “Ó tì o! Ẹ fún un ní kúẹ́rì ná. Ẹ kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀ kó rí i. Ẹ fún un láyè kó dáhùn. Kí aṣojú rẹ̀ jókòó tì í nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ẹjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó dárúkọ ìjìyà.” Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ ọ́ ní abala 36 pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní ẹ̀tọ́ kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́ kí ìwé òfin tó dé: agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

A kò rí ẹ̀tọ́ yìí he lójú ọ̀nà. Ní 1945, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ti sọ gbogbo ọjà di ọ̀wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn béèrè fún àfikún owó. Michael Imoudu wà lára àwọn aṣáájú wọn. Nígbà tí ìjọba òyìnbó kò fetí sí wọn, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ kí wọ́n tó padà. Lójú àwọn ọ̀gá, aláìgbọràn ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ Tudor Davies jókòó, tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́, tí wọ́n sì wo iye tí nǹkan ń jẹ́ lọ́jà, wọ́n dámọ̀ràn ní 1946 pé kí ìjọba fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ni aláìgbọràn di ẹni tó jàre.

Ẹ̀tọ́ tí àwọn bàbá wa fi ebi rà yìí, ṣé ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ ni a ó máa gbé e kọ́ sí bí aṣọ iṣẹ́ nígbà tí a bá ń lọ sílé? Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún náà yẹ ní ẹni tí a ń fún ní kúẹ́rì, kí a gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, kí a tó dá a lẹ́jọ́. Ẹ̀rù tó wà lọ́rùn àwọn màjèṣín òde òní wúwo ju bí a ti rò lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni a kò sì lè fojú rí láti òkèèrè.

Ẹ má jẹ́ kí a lọ jìnnà wá àpẹẹrẹ. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbí rántí sòbìà. Láyé ọdún 1970 sí 1980 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, sòbìà da Ìbàràpá láàmú gan-an, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn sì ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Ìdẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí sòbìà bá yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò lè rìn. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni kò fi ní lọ sí ilé-ìwé. Ẹni tó bá dúró lókèèrè, tó kàn ń wo ìwé tí tíṣà fi ń pe orúkọ, lè sọ pé ìsáǹsá ni ọmọ náà, pé ọ̀lẹ ni. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, inú omi tí gbogbo ilé ń mu ni kòkòrò náà ti wá, nǹkan bí ọdún kan ni ó sì fi ń gbé inú ara kó tó yọ jáde. Ìyẹn ni pé omi èṣí ni ó dé ọmọ náà mọ́lẹ̀ ní èyí. Nígbà tí wọ́n wá kiri gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ní 1987 sí 1988, iye àwọn tí wọ́n rí tó ní sòbìà ju 650,000 lọ. Pàṣán kọ́ ló lé sòbìà lọ. Omi tó mọ́, aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, àti ìlanilọ́yẹ̀ ni. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Sòbìà ti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó kọ́ wa kò tíì lọ. Bí ọmọ bá dúró tí kò lè rìn mọ́, kí a wo omi tó mu.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo omi tí àwọn ọmọ òde òní ń mu.

Èkínní ni ìdánwò. Nígbà tiwa, ẹni tó bá fìdí rẹmi yóò wá iṣẹ́ ọwọ́ kọ́, ọ̀rọ̀ sì parí. Lónìí, gbogbo ilé ló kó ìrètí wọn lé èsì JAMB lórí bí ẹni kó ẹrù lé mọ́tò jù. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2025. Nígbà tí èsì jáde ní oṣù karùn-ún, nínú àwọn ọmọ tó lé ní 1,900,000, àwọn tí kò gba 200 ju 1,500,000 lọ. Ariwo ta. Ní gáréèjì, ní ọjà, nínú rédíò, wọ́n ní àwọn ọmọ òde òní kò kàwé, wọ́n ní fóònù ti jẹ wọ́n lọ́pọlọ. Àwọn aláṣẹ kan tilẹ̀ sọ pé ó fi hàn pé ọ̀nà màgòmágó ti dí ni.

Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún náà, olórí JAMB fúnra rẹ̀ jáde síta, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì. Wọ́n ní àtúnṣe tó yẹ kí wọ́n ṣe sí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni wọn kò ṣe sí àwọn tó wà ní ẹkùn Èkó àti ti Òwẹ́rì. Ibùdó ìdánwò 157 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, àwọn ọmọ 379,997 ni wọ́n sì pè padà láti wá tún ìdánwò ṣe. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀kẹ́ mọ́kàndínlógún ọmọ tí ẹ̀rọ ṣẹ̀, tí gbogbo ayé sì ti dá lẹ́bi. A kò sọ pé gbogbo ẹni tó kùnà ni ẹ̀rọ ṣẹ̀. A ń sọ pé fún ọjọ́ mélòó kan, kò sí òbí tó lè fi ojú lásán mọ èyí tó jàre nínú wọn. Ọmọ tó ń sunkún pé “Mo kọ ohun tó dára ju èyí lọ,” àwáwí ni wọ́n pè é. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ìwé ìròyìn gbé e jáde pé ọmọbìnrin kan gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nítorí èsì tó rí. Kò dúró dé ọjọ́ àforíjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ẹ ṣe àkíyèsí èyí. Bí ọjà bá bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ, kí ni a máa ń sọ fún súpáfáísọ̀? A ó ní, “Ẹ yẹ ẹ̀rọ wò ná kí ẹ tó bú ẹni tó ń lò ó.” Ọmọ wa náà yẹ ní ẹni tí a ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ oko. Bàbá tó wà ní Èkó yóò ní, “Nígbà tí a wà ní ọmọ ọdún 14, a ti ń dá oko ẹ̀gúsí ní. Kí ló dé tí ọmọ yìí ń jókòó sílé?” Òótọ́ ni, Ìbàràpá là ń gbin ẹ̀gúsí, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, oko ló sì tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6, oṣù kẹfà 2021, àwọn agbébọn wọ Ìgàngàn, ìlú tó múlé gbè wá yìí. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sun ilé, wọ́n dáná sun ààfin Aṣígàngán. Ọmọ tó wà ní ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá nígbà náà, òun ló ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí a ń pè ní ọ̀lẹ lónìí. Ó gbọ́ ìró ìbọn, tàbí ó rí àwọn tó sá àsálà wá. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń lọ́ra láti dá wọ oko nìkan ní kùtùkùtù, ṣé ọ̀lẹ ni, àbí ẹ̀rù? Àwọn ọmọkùnrin kì í sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Wọ́n máa ń sọ pé ó rẹ àwọn. Ẹni tí kò bá béèrè, ọ̀lẹ ni yóò kọ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ọmọbìnrin, ẹ̀yin bàbá sì ni a fẹ́ kí ẹ gbọ́ eléyìí jù. Láti ọdún méjìlá, mẹ́tàlá, ara ọmọ ń yí padà. Ọmọ tó ti ń ṣeré káàkiri ilé yóò bẹ̀rẹ̀ sí sá pamọ́. Ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin láàrin oṣù, kò ní fẹ́ lọ sí ilé-ìwé, pàápàá bí ilé-ìwé náà kò bá ní omi tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ilẹ̀kùn. Bàbá yóò ní ó ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé ọkùnrin. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní owó tí yóò fi ra ohun tí yóò lò sára, ojú sì ń tì í láti béèrè lọ́wọ́ yín. Nígbà tí ilé bá ti ń bú u lójoojúmọ́, tí ẹnì kan níta bá wá ra nǹkan náà fún un, tó sì bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ta ni ẹ rò pé yóò máa gbọ́ tirẹ̀? Iye owó tó lè kó ọmọ yọ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ rárá.

Ẹ̀kẹrin ni owó, òun ló sì le jù. Ọmọ ń wo fóònù, ó ń rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń fi mọ́tò àti aṣọ ṣe fáàrí. Èyí tó tún burú ju ti fóònù lọ ni èyí tó ń gbọ́ nílé: “Ṣé o rí ọmọ lágbájá? Ó ti ra ilẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìwọ ńkọ́?” Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, tí kò sì bi í léèrè bí ọmọ lágbájá ti ṣe rí owó, òun ló ti ọmọ náà sójú ọ̀nà Yahoo. A fẹ́ kí èyí yé yín dáadáa. Aṣojú òṣìṣẹ́ kì í gbèjà olè. Bí òṣìṣẹ́ bá jalè ní ilé-iṣẹ́, tí a gbọ́ ẹjọ́, tí ó sì dá wa lójú, ẹgbẹ́ kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ tó bá ń lu jìbìtì gbọ́dọ̀ jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú kúẹ́rì náà, ìbéèrè kan yóò wà fún àwa àgbà pẹ̀lú: ta ló kọ́kọ́ sọ fún un pé owó ni a fi ń mọ ọmọ tó wúlò?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ẹjọ́ kan fún yín. Awakọ̀ kan ni nínú ẹgbẹ́ wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, òun náà sì gbà kí a sọ ọ́. Èkó ló ń gbé, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní ìlú yìí. Lóṣooṣù ni bàbá ń fi owó ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kan, wọ́n pè é lórí fóònù pé ọmọ náà kò tíì dé ilé-ìwé láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, pé alẹ́ ni wọ́n máa ń rí i lóde. Bàbá dé gáréèjì, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun ń lọ sí Tápà, òun yóò na ọmọ náà débi tí yóò fi gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, òun yóò sì mú un lọ fi ṣe kọ̀ńdọ́.

A bi í pé, “Kí ni ọmọ náà sọ?” Ó ní, “Kí ló fẹ́ sọ?” A ní, “Kúẹ́rì dà?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, inú ṣì ń bí i. Ọ̀kan nínú wa bá a wọ mọ́tò.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n jókòó. Wọ́n ka ẹ̀sùn náà fún ọmọ bí a ti ń kà á fún òṣìṣẹ́: o kò lọ sí ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, alẹ́ ni wọ́n ń rí ọ, owó tí bàbá rẹ ń fi ránṣẹ́ fún lẹ́sìn-ìn àti ìwé, níbo ló ń lọ? Ọmọ náà kò fọhùn. Ó tẹ orí ba. Ìyá àgbà ló dìde, ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé àpò ọ̀rá kan jáde. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú káàdì ilé ìwòsàn. Oògùn náà ti gbówó lórí. Owó tí bàbá ń fi ránṣẹ́ kò tó oògùn àti oúnjẹ pọ̀. Ọmọ yẹn ló ń lọ síbi tí wọ́n ti ń yan gààrí, tó ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀, tó ń bá wọn di àpò mọ́ ọ̀kadà lálẹ́, kí ìyá bàbá rẹ̀ lè rí oògùn lò. Ìyá àgbà ló kìlọ̀ fún un pé kó má sọ. Ó ní, “Awakọ̀ ni bàbá rẹ. Má jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà.”

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Màmá ń dáàbò bo ọmọ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ ń dáàbò bo ìyá àgbà. Bàbá ń ṣe làálàá fún àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni ibi kan láàrin wọn, síbẹ̀ ó ku díẹ̀ kí pàṣán sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ètò owó náà ṣe lọ́jọ́ náà, bàbá àti àbúrò rẹ̀ pín oògùn náà ṣe láàrin ara wọn. Ọmọ padà sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún kì í ṣe kékeré. Kíláàsì kan náà ni ó tún ṣe ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí ẹnì kan bá ti béèrè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bóyá ọdún yẹn kì bá ti sọnù.

Àwọn bàbá kan yóò ní, “Aṣojú, ẹ fẹ́ ba àwọn ọmọ jẹ́. Ọmọ tí a kò bá kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.” A gbà bẹ́ẹ̀. Kúẹ́rì kò sọ pé kí ìjìyà má sí. Kódà, ìjìyà tó tẹ̀ lé kúẹ́rì ló máa ń wọ ara, nítorí ẹni tó ń jẹ ẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí a jẹ níyà láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, ẹ mọ bó ti máa ń ṣe: yóò dákẹ́, yóò máa ṣe iṣẹ́ ojú ayé, yóò sì máa wá ọjọ́ tí yóò lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wọ mọ́tò lọ sí Èkó láìdágbére, tó ń sùn lábẹ́ afárá, ọjọ́ tí wọ́n dá a lẹ́jọ́ láìgbọ́ tẹnu rẹ̀ ló ti kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ̀ lọ́kàn.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a fẹ́ bẹ̀ yín fún.

Àkọ́kọ́, kí a máa fi ìbéèrè ṣáájú ìbínú. Ẹ sọ ẹ̀sùn náà bó ti rí, kì í ṣe “Ìwọ ọmọ burúkú yìí.” Ẹ jẹ́ kí ọmọ dáhùn tán. Bí ó bá ń ṣòro fún un, ẹ jẹ́ kó ní aṣojú: ẹ̀gbọ́n bàbá, ìyá àgbà, tíṣà, ẹnikẹ́ni tí kò ní bẹ̀rù láti sọ ọ́ fún. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà nílé tí ẹ̀yin wà lẹ́yìn odi, ẹ má fi fóònù béèrè owó àti ìwé nìkan. Ẹ béèrè bí oorun ti rí. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n jẹ.

Èkejì, kí a fi ìwé owó oṣù wa han àwọn ọmọ. A mọ̀ pé èyí yóò ya àwọn kan lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àṣìgbọ́ náà kì í ṣe ti òbí nìkan. Ọmọ ń rò pé ahun ni bàbá òun. Kò mọ̀ pé nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí 70,000 náírà ní 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ, kí ọdún náà tó parí, àpò ìrẹsì kan ti ju iye náà lọ. Kò mọ̀ pé epo bẹntiróòlù tí iye tí ìjọba fọwọ́ sí kò tó 200 náírà ní lítà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ti kọjá 600 ní oṣù keje ọdún náà, àti pé láti inú owó tí awakọ̀ ń mú wálé ni ìyàtọ̀ náà ti jáde. Nígbà tí a bá ń bá ọ̀gá dúnàádúrà, a máa ń ní kí wọ́n ṣí ìwé ìṣirò wọn kí a rí i. Ẹ jẹ́ kí a ṣí tiwa fún àwọn ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún mọ ìṣirò. Bí ó bá rí ibi tí owó ń lọ, yóò mọ ohun tó yẹ kó béèrè àti èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, òfin tí a ń fi mú ọ̀gá, kó mú àwa náà. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 15 kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ àti irú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, kò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Ọdún 18 ni a ń gba ìwé ìwakọ̀. A kò lè máa bá ọ̀gá jà lórí iye wákàtí tí àgbà ń ṣe, kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá sì máa rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ọmọ ẹgbẹ́ wa láti aago márùn-ún àárọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ọmọ fẹ́ kọ́, ó dára, iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe àbùkù. Kí ó ní ọ̀gá, kí ó ní ọjọ́ òmìnira, kí a sì mọ ohun tí ó ń kọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀ka wa máa fi ààyè sílẹ̀ nínú ìpàdé fún ọ̀rọ̀ ìdílé. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ní ẹjọ́ ọmọ, kó mú un wá kó tó mú pàṣán. Àwa aṣojú yóò bá a jókòó, a kò sì ní gba owó kankan.

Ó ku ẹ̀yin ọmọ wa. Ẹ má rò pé ẹ̀yìn yín nìkan ni a wà lónìí. Kúẹ́rì tí ènìyàn kò bá dáhùn, ẹ̀bi ni yóò dà lé e lórí. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ dáhùn. Ẹ má ṣe “kò sí nǹkan,” ẹ má ṣe gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí bàbá yín bá ń pariwo, ẹ jẹ́ kó tán, kí ẹ wá sọ tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.” Gbólóhùn yẹn kò gùn, ó sì ti gba iṣẹ́ là lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Bí ohun kan bá wúwo jù fún yín, ìdánwò ni o, ẹ̀rù ni o, ọ̀rọ̀ ara yín ni o, ẹ má dá a gbé. Ẹ wá àgbà kan tí ẹ fọkàn tán. Kò sí èsì ìdánwò tó tó ẹ̀mí. Ẹ̀rọ tó ṣe àṣìṣe lè padà wá tọrọ àforíjì. Kí ó bá yín láyé ni a fẹ́.

Àwọn baba wa ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọn kò sọ pé àgbà nìkan ló dá a. Kí a lọ sílé báyìí, kí a lọ bi wọ́n léèrè, kí a sì jókòó gbọ́ ìdáhùn.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa yè kooro. Ẹgbẹ́ wa kò ní túká.